Ohun Tó Wà Lábẹ́ Imú Bọ́nẹ́ẹ̀tì

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde wá wo nǹkan.”

Kẹ́mi gbójú kúrò lára ìwé ìdánwò tó ń máàkì. Ó ti tó wákàtí kan tó ti jókòó sórí àga oníke lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù náà ní Ìdímù, tó ń fi bírò pupa sàmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Abdulganiyy, pánẹ́ẹ̀bítà tó ni ṣọ́ọ̀bù, dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Ó ti yọ imú orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò, ó ti gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe imú náà ló ń wò. Ojú ibi tó ti yọ ọ́ ló tẹjú mọ́, ẹ̀rín tó ń bá Kẹ́mi rín láàárọ̀ sì ti kúrò lójú rẹ̀.

Ọlátúnbọ̀sún, ọkọ Kẹ́mi tó ń pè ní Dádì Moyọ̀, ló ni ọkọ̀ yìí, Tòyótà aláwọ̀ eérú kan tó ti ń gbé wọn kiri láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Àádọ́ta ọdún ni Ọlátúnbọ̀sún yóò pé ní Sátidé. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti rán an lọ sí Abẹ́òkúta fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ, nítorí láti bí ọdún méjì, kì í fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn mọ́. Kẹ́mi ronú títí nípa ohun tó lè fi yẹ́ ọkọ rẹ̀ sí, ọkàn rẹ̀ sì lọ sórí imú dúdú tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà. Irú imú yìí ni wọ́n ń fi sí ọkọ̀ eré ìje kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ti Ọlátúnbọ̀sún, oge lásán ni. Ike ni, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, irin bọ́nẹ́ẹ̀tì sì dí abẹ́ rẹ̀ pa. Gideon tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà kì í yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, imú ọkọ̀ yín yìí ò mí rárá ṣá.” Ọlátúnbọ̀sún á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọ̀hún máa ń gbóná bí iná àdògán bí oòrùn bá ti mú. Kẹ́mi pinnu pé kí ọkọ òun tó dé, imú náà yóò máa mí.

“Kò le rárá,” ni Abdulganiyy ti sọ fún un láàárọ̀. “Màá yọ ọ́, màá gé ihò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀, màá sì fi àwọ̀n irin bo ojú ihò náà kí òkúta má bàa kó wọlé. Lẹ́yìn náà màá fi páànù ṣe ọ̀nà tóóró kan tó máa gbé atẹ́gùn tútù lọ tààrà síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò yàtọ̀ sí èèyàn, Mọ́mì. Ẹ ní kí èèyàn máa mí nínú ooru, kó tún máa sáré, ṣé ó lè lọ jìnnà ni?” Ó ní òun yóò tún lu ihò kékeré kan sísàlẹ̀ tí omi òjò yóò máa gbà ṣàn jáde, kí omi má bàa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ Kẹ́mi létí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ sì mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ó na ọ̀bẹ sí àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ṣé ọkọ̀ yìí ti ní jàǹbá rí?”

“Rárá o,” ni Kẹ́mi fèsì. “Dádì Moyọ̀ kì í sáré.”

“Ta ló wá fi imú yìí sí i?”

“Àwọn náà ni. Wọ́n ní káwọn fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ti tó ọdún méjì.”

Abdulganiyy fi ìka kan etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, irin náà dún. Ó wá kan àárín, kò dún bẹ́ẹ̀, ńṣe ló kàn rọra dún kọ̀ bí ẹni kan ògiri alámọ̀. Pọ́tì ló wà níbẹ̀, nǹkan funfun tí wọ́n fi ń dí ojú ọgbẹ́ ọkọ̀, ó sì ti sán kiri bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti ọ̀bẹ bọ ojú ibi tó sán, ègé kan ṣí kúrò tòun ti ọ̀dà. Abẹ́ rẹ̀ jìn wọnú. Nígbà tó fi máa hó gbogbo rẹ̀ tán, kòtò tó hàn lórí irin náà tó ọpọ́n ìfọṣọ.

“Ẹni tó ṣe é kì í ṣe oníṣẹ́,” ni Abdulganiyy sọ. “Kò lu irin jáde rárá. Ó kàn rọ́ pọ́tì kún un ni, ó wá fi imú bò ó.”

Kẹ́mi rántí ọjọ́ Sunday kan tí ọkọ rẹ̀ kò bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí òun àti Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ wọn, dé, wọ́n bá a lẹ́yìnkùlé lábẹ́ tapólì, nǹkan funfun kún èékánná rẹ̀. Ó ní òun ń fún ọkọ̀ ní ìtọ́jú díẹ̀.

“Kí lẹ rò pé ó gbá?” ni Kẹ́mi bèèrè. “Ewúrẹ́?”

“Ewúrẹ́ kúrú, Mọ́mì. Bọ́ńpà ni ewúrẹ́ ń bá pàdé. Bó bá jẹ́ òkúta ni, irin á ya.” Ó fi ọwọ́ wọn kòtò náà. “Nǹkan tó wúwo, tí kò sì le, ló ṣubú lé èyí láti òkè.”

“Nǹkan bíi kí ni?”

Abdulganiyy tẹrí ba, ó ń fi aṣọ nu ọ̀bẹ tí kò ní ìdọ̀tí lára. “Mi ò sí níbẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀.”

Kẹ́mi di etí ọkọ̀ mú, ó sì fi ọwọ́ kejì pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Dádì Moyọ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù pánẹ́ẹ̀bítà. Wọ́n yọ imú orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà. Ohun tí ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Ọlátúnbọ̀sún kò bèèrè rẹ̀.

“Ta ló ní kó o ṣí i?” ló sọ, ohùn rẹ̀ ò jọ ohùn rẹ̀ mọ́. “Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́. Mò ń bọ̀.”

Kẹ́mi sọ fún Abdulganiyy pé kó má gé nǹkan kan, kó jẹ́ kí ọkọ̀ wà bó ṣe wà. Ọkùnrin náà kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó mú tapólì, ó bo iwájú ọkọ̀ náà bí ẹni bo òkú.

Bí Kẹ́mi ṣe délé kò yé e. Ó ṣáà bá ara rẹ̀ lórí àga pálọ̀ pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́. Ọdún méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọdún méjì náà pọ̀, gbogbo ohun tó fò lójú rẹ̀ nígbà náà ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ilẹ̀ kan ní Egan, wọ́n ti kọ́ ilé dé orí wíńdò níbẹ̀. Ọlátúnbọ̀sún kì í jẹ́ kí Sátidé kan kọjá kó má lọ wo bíríkìlà. Lójijì, ní ọ̀sẹ̀ tí imú náà dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ló wá ní àwọn ọmọ onílẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ òun, ó ní òun ò ní débẹ̀ mọ́. Kẹ́mi gbààwẹ̀ nítorí ọmọ onílẹ̀. Ó pe orúkọ Egan nínú àdúrà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n sì ṣe ń háyà ilé lọ nìyẹn títí di òní, tí igbó ń hù lórí ilé wọn.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún wọlé. Ìyànà Ìpájà ló ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀, kò jókòó.

“Ta lẹ gbá?” ni Kẹ́mi bèèrè.

“Kẹ́mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu omi.”

“Ta lẹ gbá ní Egan?”

Bó ṣe gbọ́ orúkọ Egan, ó jókòó sórí báàgì rẹ̀. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọdún méjì, àfi bíi pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ń jáde. Ó ní òjò ń ṣẹ́ wíníwíní láàárọ̀ Sátidé ọ̀hún, aago mẹ́fà kò tíì lù. Ó fẹ́ tètè bá bíríkìlà kó tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ó ní òun bojú wo fóònù, kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí òun gbójú sókè, ọmọbìnrin kan ti wà níwájú òun.

“Ó ṣubú lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bọ́ sílẹ̀. Mo dúró. Mo wò ó láti inú ọkọ̀. Kò mira.”

“Ẹ ò sọ̀ kalẹ̀?”

“Mo rò pé bí àwọn èèyàn bá dé, wọ́n á dáná sun mí. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.”

“Ṣé èèyàn kankan wà níbẹ̀?”

Ọlátúnbọ̀sún mi orí. Kò sí èèyàn kankan.

“O fi í sílẹ̀ sínú òjò,” ni Kẹ́mi wí.

Ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, Kẹ́mi kò pe ọkọ rẹ̀ ní ‘o’ rí. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ọlátúnbọ̀sún sì gbójú sókè bíi pé wọ́n gbá a létí.

“Ta ni ọmọ ọ̀hún? Ọmọ ta ni?”

“Mi ò mọ̀.”

“O ò bèèrè? Ọdún méjì, o ò bèèrè ẹnì kan?”

“Bí mo bá bèèrè, wọ́n á sọ fún mi pé ó kú.”

Kẹ́mi wò ó. Ọkùnrin tó ń sáré lọ bu omi fún ẹyẹ tó bá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wọn nìyí. Ọkùnrin tó ń sunkún níbi ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ nìyí. Ó ṣe é bíi kó pariwo, ó ṣe é bíi kó kó ẹrù rẹ̀. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Lọ́la, a máa jọ lọ sí Egan.”

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gba Igando kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta tí Ọlátúnbọ̀sún júwe, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́mi ló dì í lápá. Ó jọ pé ibẹ̀ kò ní nǹkan kan tí èèyàn lè tọ́ka sí, àfi kòtò omi, igi máńgòrò kan, àti obìnrin arúgbó kan tó ń dín àkàrà lábẹ́ agbòòrùn.

Kẹ́mi kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ rántí ọmọbìnrin kan tí ọkọ̀ gbá níbí, bí ọdún méjì sẹ́yìn? Àárọ̀ ni, òjò ń rọ̀.”

“Aasiyah ni?” ni ìyá náà wí, kò gbójú kúrò nínú epo rẹ̀. “Ọmọ Sìkírátù oníbúrẹ́dì.”

Ọlátúnbọ̀sún sún mọ́ ọn. “Níbo ni wọ́n sin ín sí, mà?”

Ìyá náà wá gbójú sókè wàyí. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni wo aṣiwèrè.

“Sin ta ni? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àkàrà lọ́wọ́ mi lọ ni.”

Ọlátúnbọ̀sún káwọ́ lé orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yípo bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ fi iwájú orí ti igi máńgòrò náà. Kẹ́mi pàápàá kò mọ ìgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì alákàrà. Láti àná ló ti ń gbé òkú kiri nínú ọkàn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti gbé òkú kan náà fún ọdún méjì gbáko, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá sì ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìyá alákàrà náà nawọ́ sí ilé kan tí kò jìnnà, èyí tó ní géètì aláwọ̀ ewé.

Aasiyah fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó bo orí rẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó ń fi igi kan tilẹ̀. Nígbà tó yí padà láti mú wọn wọlé, Kẹ́mi rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kúrú ju ti òsì lọ, tí gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sìkírátù, ìyá rẹ̀, wà nílẹ̀ pálọ̀, ó ń to búrẹ́dì sínú ọ̀rá.

Ọlátúnbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sọ ọ́ láti ibẹ̀, ojú rẹ̀ kan símẹ́ńtì. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó sọ ti fóònù, ó sọ pé òun dúró wò, ó sọ pé òun wa ọkọ̀ lọ.

Ọwọ́ Sìkírátù dúró lórí búrẹ́dì.

“Wákàtí mẹ́ta ló fi wà nílẹ̀,” ni Sìkírátù wí nígbà tó yá, jẹ́jẹ́, bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. “Mo rò pé ó ń tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba búrẹ́dì ni. Ọkùnrin kan tó ń fi bárò kó yanrìn ló gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní bó bá tètè dé ni, ẹsẹ̀ yẹn ì bá má rí bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ dárí jì mí,” ni Ọlátúnbọ̀sún ń wí. “Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù ba èmi náà, sà,” ni Aasiyah dáhùn. Ó ti jókòó, ó fi igi rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀. “Mi ò lè mira, ṣùgbọ́n mò ń ríran. Mò ń wo iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ yín títí ó fi yà kọ́nà. Mo rò pé ẹ ń lọ pe èèyàn wá ni. Mò ń retí yín.”

Kẹ́mi bojú. Nínú gbogbo ohun tó ti gbọ́ láti àná, èyí ló gún un jù. Ọlátúnbọ̀sún kò lè dìde. Ẹkún ló ń sun.

“Ilé kan wà,” ló sọ nígbà tí ohùn padà sí i lẹ́nu. “Kò jìnnà síbí. A ò tíì parí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ṣe—”

“Mi ò bèèrè ilé,” ni Sìkírátù wí. Kò pariwo. “Ọdún méjì ni mo ti ń lọ sí tèṣán. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, wọ́n á ní ta ni mo fura sí. Mi ò mọ ẹni tí mo lè dárúkọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, ẹ dìde ká lọ.”

Ọlátúnbọ̀sún yíjú sí Kẹ́mi. Kẹ́mi mọ ìwò yẹn. Bí landi-lọ́ọ̀dù bá dé, bí ọ̀rọ̀ bá le níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá pè wọ́n nílé ìwé ọmọ, bó ṣe ń wò ó nìyẹn kí Kẹ́mi lè bá a sọ ọ́. Ó mọ̀ pé òun lè bẹ̀bẹ̀. Òun lè kúnlẹ̀ níwájú obìnrin yìí, kóun sọ ti Moyọ̀sọ́rẹ tó wà ní yunifásítì, kóun ní kí wọ́n jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó wo igi tó wà lórí ẹsẹ̀ Aasiyah, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì dìde.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ lọ. Tèṣán náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn bí Aasiyah ṣe lè rìn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà ń jẹ ẹ̀pà. Ó rí Sìkírátù, ó mí kanlẹ̀, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́.

“Ìyá Aasiyah, ẹ tún ti dé. Ṣé ẹ ti wá mọ ẹni tẹ́ ẹ fura sí báyìí?”

Ọlátúnbọ̀sún tún wo Kẹ́mi. Kẹ́mi ń wo ògiri.

Ọlátúnbọ̀sún sún síwájú títí àyà rẹ̀ fi kan káńtà.

“Èmi ni,” ó wí. “Èmi ni mo gbá ọmọ náà, mo sì sá lọ.”

Ọlọ́pàá náà tẹjú mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ kò pa dé lórí ẹ̀pà tó kù níbẹ̀. Ó wo Sìkírátù, ó tún wo Ọlátúnbọ̀sún. Ó wá fa ìwé ńlá kan sọ́dọ̀, ó wá ojú ewé tí kò ní nǹkan kan nínú, ó sì ní kó pe orúkọ rẹ̀.

Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Sìkírátù àti ọmọ rẹ̀ sì ti jókòó síbẹ̀. Kẹ́mi dúró díẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ jókòó sí etí bẹ́ǹṣì náà, ó ń retí kí Sìkírátù ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kò ṣí. Wọ́n jọ jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí Ọlátúnbọ̀sún ṣe ń pe lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún ọlọ́pàá, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.